Bí Wọ́n Ṣe Gbọ́ Àwo Tuntun Bàbá Rẹ

Bajulaiye, Ṣómólú,
Èkó.
Oṣù Kẹta, ọdún 1985.

Kausarat ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kàdúná? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé ikọ́ tó ń yọ ọmọ lẹ́nu ti lọ? Mo bẹ Ọlọ́run Ọba kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera. Tiwa níbí, a jí, a sì ń mí. Ọpẹ́ náà ni, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa.

O ní bàbá rẹ kò fèsì láti ìgbà tí o ti kọ̀wé sí i nípa àwo orin rẹ̀ tuntun. Má bínú sí i. Kì í ṣe ìwọ nìkan, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Èmi ni n óò sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ìwọ náà mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ṣe àwo kẹ́yìn. O ò tíì wọlé ọkọ nígbà náà. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwọn sójà ti gbàjọba, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń dá èèyàn dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí à ń tò sórí ìlà nítorí mílíìkì àti ọṣẹ, ló sọ gìtá rẹ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Inú mi dùn. Àṣé orin tó ń bọ̀ kì í ṣe èyí tí a máa ń jó sí. Kò ki ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Kausa, ẹ fi orúkọ Àlájì Mahmood sí i, ó kéré tán. Ta ló ń gbé olórin ró bí kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n ń kì?" Ó wò mí, ó ní, "Rọ̀kí, Àlájì ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ tó. Àwọn tó ń sunkún ni mo fẹ́ kọrin fún lẹ́ẹ̀kan yìí kí n tó kú." Ó sọ àwo náà ní "Ohun Tó Kù."

Ọjọ́ tó jáde, a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Japhet ní Bàrígà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ń bá a ta àwo láti ìgbà èwe wọn. Bàbá rẹ wọ dàńṣíkí funfun, ó fi lọ́fínńdà sára. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n rí òun, pé ojú kì í jẹ́ kí èèyàn sọ òótọ́, ló bá jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì. Èmi dúró sẹ́nu rẹ̀. Japhet gbé sípíkà síta. Kausa, bí ohùn bàbá rẹ ṣe jáde, ṣe ni àwọn èèyàn ń sáré bọ̀! Ìyá kan sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ká ìró sókè, ó ń pariwo pé, "Isiaq wa dé o!" Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ ń lu ilẹ̀.

Wọ́n dúró, wọ́n ń retí ibi tí ijó wà. Orin kìíní parí, ijó kò dé. Èkejì bẹ̀rẹ̀, ti ìdílé kan tó ń pín ẹ̀kọ kan ṣoṣo jẹ. Mẹkáníìkì kan nawọ́ sókè, ó ní, "Bàbá yìí náà! Ìyà tí à ń jẹ nílé la sá jáde fún, òun náà tún wá ń kà á sí wa létí." Àwọn ọ̀dọ́ ní ohùn rẹ̀ ti gbó, kí Japhet fi dísíkò sí i. Ìyá tó ká ìró rẹ̀ sókè rọra tún un ró, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó ní, "Ó mà ṣe o. Ọkùnrin tó máa ń múnú wa dùn." Nígbà tí mo tún bojú wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti dúró.

Àlájì Mahmood dá àwo tiẹ̀ padà. Ó ní òun gbọ́ apá kìíní, òun gbọ́ apá kejì, òun kò bá ara òun níbẹ̀. Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ní rédíò wá kí wa, ó ń wẹ̀yìn wò bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ní orin náà wọ òun lára, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ti ní kí wọ́n má lò ó, pé ó ń kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá ará ìlú. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àṣé orin mi ló rẹ̀ wọ́n, kì í ṣe ebi." Fuad tó tẹ páálí àwo náà ní ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ ládùúgbò wa sì ti ń gé èyí tó ṣẹ́kù fún ẹni tó bá béèrè. Mo lọ ra àkàrà, mo bá alákàrà tó ń fi ojú bàbá rẹ tó wà lára páálí náà fẹ́ná.

Gbogbo èyí, ó fara dà á. Ohun tó pa á lẹ́nu mọ́ ni ti Adébùnmí, obìnrin kan tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni ọkọ rẹ̀ wà kí wọ́n tó dá a dúró. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọlé wá, ó ní òun gbọ́ orin tó gbẹ̀yìn àwo náà, ó sì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láìfo ọ̀kan:

"Ó jí, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́,
Iṣẹ́ ò dá a mọ̀ mọ́.
Ó ní òun ń lọ, òun ń bọ̀,
Lílọ la rí, a ò rí bíbọ̀."

Omi lé sí bàbá rẹ lójú. Ó ti na ọwọ́ sí gìtá, ó ní, "Ìyá, ṣé kí n kọ ọ́ fún yín?" Obìnrin náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Rárá o, bàbá. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Bí ọkọ mi ṣe lọ gan-an nìyẹn. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé bàbá rẹ̀ ń bọ̀ nígbà ọdún Àjíǹde. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ orin yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, kò jẹun dáadáa mọ́, ó ń bi mí bóyá bàbá òun ni wọ́n ń kọ lórin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n má fi sí i mọ́."

Ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ orin náà bó ṣe yẹ, Kausa, òun ló wá bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni bàbá rẹ wọ bàtà, ó tẹ̀ lé e lọ sí Bàrígà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ àwo náà lórí ẹ̀rọ. Japhet ní kò bá òun jiyàn rárá. Láti ìgbà náà, kò kọrin mọ́, àní nílé ìwẹ̀. Bó bá ń ké Kùránì, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ilé wa tí o mọ̀ yẹn, tí ariwo kì í tán níbẹ̀, mo ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òpópónà kejì láti orí ibùsùn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Adébùnmí fi ẹja yíyan rán ọmọ náà sí wa láti dúpẹ́. Dọlápọ̀ lorúkọ ọmọbìnrin ọ̀hún, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni. Ó kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ fún mi, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó rìn lọ síwájú bàbá rẹ, ó ní, "Bàbá, ọkùnrin inú orin yẹn, ibo ló lọ?"

Bàbá rẹ la ẹnu. Èmi ni mo sáré sọ pé, "Orin lásán ni, ọmọ mi. Kò sí ọkùnrin kankan." Ọmọ náà wò mí títí, ó dìde, ó gba abọ́ ẹja náà padà lọ́wọ́ mi, ó lọ. Ìgbà tó jáde tán ni bàbá rẹ wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Rọ̀kí, ó yẹ kí n ti mọ ibi tó lọ kí n tó kọ ọ́."

Mo ti se gbogbo ohun tó fẹ́ràn. Mo ti bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá bá a ṣeré. Wọ́n wá, wọ́n jókòó, wọ́n lọ. Mi ò mọ ohun tí n óò ṣe mọ́, ọmọ mi.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohùn ayọ̀ wọ́n nílé rẹ. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ. Ọmọ rẹ yóò dàgbà lójú rẹ, yóò sì mọ ojú bàbá rẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Rọ̀kíbátù.

Mo tún rántí: bí o bá ráyè wá nígbà Ìtunu, má bẹ̀ ẹ́ pé kó kọrin, má sì sọ fún un pé àwo náà dára. Gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, kí o sì jókòó tì í.