Oyè Tí Mo Kọ̀ Nítorí Màmá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó wù mí kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì: mo kọ oyè ilé wa.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, àwọn mọ̀lẹ́bí pe ìpàdé sí pálọ̀ yín ní Ìnísà. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé èmi ni oyè kàn. Àbúrò yín tó ń gbé Ìgbàyè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ tí obìnrin Éwé bí kò lè jẹ olórí ilé, pé lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, mo lè sá lọ sílùú ìyá mi ní Tógò. Èmi tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Òkukù láti ọdún mẹ́jọ. Tógò tí mi ò dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣí fìlà lé orúnkún tí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Palimé ní Tógò, níbi tí ẹ ti ta abọ́ tánganran, tí ẹ ti fẹ́ Màmá. Ẹ ní orí àpótí ìjókòó ni oyè ọba ibẹ̀ wà, agbẹnusọ ló ń bá a sọ̀rọ̀ fáráyé, tí kò bá sì gbọ́ tàgbà, wọ́n á gba àpótí náà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín tí ẹ bá débẹ̀. Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín gan-an? Mi ò béèrè rí.

Bí àbúrò yín ṣe sọ̀rọ̀ tán, Màmá dìde. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.

“Lọ́dọ̀ wa, baba ló lọmọ,” ni wọ́n wí. “Àwọn èèyàn mi ò lè gbé e sórí àpótí, torí ọmọ Ìnísà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin náà ní ọmọ Éwé ni. Ibo wá ni kí n bí i sí?”



Lọ́sẹ̀ kejì, àbúrò yín wá bá mi nílé-ìwé. Wọ́n ní àwọn ti gbà, kí n jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí Màmá má jókòó láàárín àwọn ìyàwó ilé lọ́jọ́ ìwúyè, kí àlejò má baà máa béèrè ìbéèrè. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn dáadáa, mo wá ní, “Ẹ máa mú oyè yín lọ, sà.”

Ṣé mo ṣàṣejù ni? Màmá gan-an bínú. Wọ́n ní àwọn ì bá jókòó sí kíṣìnì, kí oyè náà ṣáà ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ní rárá. Obìnrin tó wẹ̀ fún yín nígbà tí ẹ ò lè dìde mọ́ kò ní í jókòó sẹ́yìn ilé.

Wọn ò tíì rí ẹni fi jẹ oyè náà. Àbúrò yín ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bá wọn bẹ̀ mí lójú àlá. Bí wọ́n bá fẹ́ mi, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àga fún Màmá ní ìta gbangba.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ̀yin àti Màmá jọ bí.