Epìyà Lẹ Máa Ń Kọ́kọ́ Wò

Bàbá mi,

Etí adágún ẹja yín ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Gyellesu ni mo ti ń kọ̀wé yìí, lórí àpótí tí ẹ máa ń jókòó lé. Ọyẹ́ ti dé. Ẹ̀rọ tó ń fa omi tuntun wọ inú adágún bàjẹ́ láti àná, ẹni tí yóò tún un ṣe kò tíì dé.

Láàárọ̀ yìí, kí oòrùn tó yọ dáadáa, mo wá yẹ omi wò. Àwọn ẹja àrọ̀ ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń padà sísàlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo gbà pé omi dára, mo sì da oúnjẹ sí i. Málàm Sani tó múlé tì wá ló yọjú láti orí ògiri wọn, tí wọ́n fi Hausa bi mí pé haba, ọmọ Dókítà, ṣé ojú mi kò rí àwọn karfasa, ìyẹn epìyà, ni. Mo yíjú. Gbogbo epìyà ti kóra jọ sí igun kan, wọ́n la ẹnu sókè omi. Mẹ́fà ti kú.

Mo mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Epìyà ní ìpẹ́ lára. Omi tó mọ́, tí oòrùn ń ràn dé inú rẹ̀, ló bá a lára mu, bí etí odò Kubanni níbi tí akọ wọn ti ń gbẹ́ ìtẹ́ sínú yanrìn. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, inú ẹrẹ̀ ló ń gbé. Bí omi bá bàjẹ́, á yọrí, á mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, á padà wọlé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí n kò bi yín rí ni ìdí tí ẹ fi ń kó ogún epìyà sáàárín àrọ̀ tí ẹ ń tà, tí ẹ kì í sì í ta epìyà yẹn. Mo rò pé ẹ kàn fẹ́ràn ọbẹ̀ rẹ̀ ni. Àràárọ̀ lẹ ń káwọ́ sẹ́yìn, tí ẹ ń kọ́kọ́ fi ojú wá wọn. Ṣé kí wọ́n lè tètè fi hàn yín pé omi ti bàjẹ́ ni?

Èmi àti Málàm Sani ti ń fi korobá pọn omi kànga, a ń dà á láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Mẹ́rìnlá kù. Ẹnu wọn ṣì wà lókè.

Bàbá, àrọ̀ ni ẹ̀yin náà. Ní oṣù tó ṣáájú ikú yín, orí àpótí yìí lẹ ti ń sinmi kí ẹ tó lè rìn wọlé. Ẹ ní ara yín le. Mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo sì bá tèmi lọ. Kí ló dé tí ẹ kò sọ? Kí ló dé tí n kò bi yín lẹ́ẹ̀kejì?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Màámi ti ń wúkọ́. Wọ́n ní ọyẹ́ ni. Àná, láti ilé ìdáná dé pálọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dúró tí wọ́n di ògiri mú. Mo ti pe kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Màámi ní kí n lọ kọjú mọ́ ẹja bàbá mi, pé òun kì í ṣe ẹja, òun kò lọ síbì kankan.

Mo ti gbé bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà. Mo ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ náà.

Èmi ni,
ọmọ yín tó pẹ́ kó tó mọ ẹja tó yẹ kó wò, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.