Mò Ń Gbé Àpáàdì Mọ́tò Yín Bọ̀ ní Èkó

Agboolé Oníkòkò,
Ọ̀rányàn, Ìbàdàn.

Muhydeen Àjàgbé, ọmọ mi,

Àsàláàmù aléékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé Waliyat ti ń dá rìn? Ọlọ́run Ọba tó mú ọ dé Èkó ní wọ́ọ́rọ́wọ́ kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. O ò ní rí ìbínú ọ̀gá, o ò ní rí ìlara ẹlẹgbẹ́, oúnjẹ tó o bá jẹ á gba ibi ire lọ. Àmín. Bàbá rẹ kí ọ gan-an ni, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé eékún àwọn ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó wú níwájú orí wọn kò tíì lọ. Ọ̀rọ̀ ibi tó wú yẹn gan-an ni mo fi ń kọ ìwé yìí.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Mo pè ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni wàá ní o wà nínú mítíìnì, fóònù á sì kú. Mítíìnì yín yìí pọ̀ o, ọmọ mi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa ní Ọjà'ba, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń ṣe mítíìnì, a sì ń pín búrẹ́dì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n lo ìwé kíkọ tí mo kọ́ ní ilé-ìwé àgbà, torí kò sẹ́ni tó lè pa lẹ́tà mọ́ mi lẹ́nu. Bí o bá kà á dé àárín tó o jù ú sílẹ̀, á ṣì wà níbi tó o jù ú sí, á máa wò ọ́.

Karimat ìyàwó àbúrò rẹ ti bímọ, obìnrin ni, ó pupa fòò. Ẹ̀rọ omi ti dé ẹnu ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan ló tíì dé, wọ́n ní omi ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo lọ sí báǹkì tó o ní kí n lọ, ọmọbìnrin kan ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan kan, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní ìka mi kò hàn, pé ó ti dán. Mo ní ìkòkò ló họ ọ́ lọ, ìkòkò yẹn náà ni mo fi rán ọmọ mi tó ní kí n wá sí báǹkì lọ sílé-ìwé, kí ó lọ kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ̀. Ó ní kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò lọ. Ṣé ìka mi á ti hù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ mọ́tò. Nígbà tó o gbé mọ́tò tuntun yìí wá fún wa lọ́dún Iléyá, gbogbo Ọ̀rányàn ló jáde wò ó. O ní ilé-iṣẹ́ yín ló ṣe é, pé ìwọ gan-an wà lára àwọn tó ń sọ irú nǹkan tó máa wọ inú rẹ̀. Mo sunkún ayọ̀ lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ, mo kàn án bí mo ṣe máa ń kan ìkòkò. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wọ ilé bàbá rẹ ni mo ti ń ta ìkòkò l'Ọ́jà'ba, mi ò sì ra ìkòkò kan rí láìfi oríkèé ìka kàn án. Èyí tó pé á dún gooro, èyí tó ti sán á dún bọ̀tọ̀. Mo kan mọ́tò rẹ níwájú, ó dún bọ̀tọ̀. Mo kàn án lẹ́yìn, bọ̀tọ̀. Mo bi ọ́ pé ṣé irin ni eléyìí, o rẹ́rìn-ín, o ní ayé ti yí padà, pé wọn kì í fi irin ṣe gbogbo rẹ̀ mọ́ kí ó lè fúyẹ́, kí ó má sì gbówó lórí. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí ọmọ tí mo rán nílé-ìwé ló sọ ọ́.

Ìwé wáráńtì tó o fún mi, tó o ní kí n tọ́jú dáadáa pé òun ló ń dáàbò bo mọ́tò náà, mo tọ́jú rẹ̀ o. Mo gbé e fún Áfáà, wọ́n ká a ní kékeré, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n rán an pa, mo sì so ó mọ́ ìsàlẹ̀ dígí iwájú kí ó lè máa rí ọ̀nà. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé mi ò ṣe ojúṣe tèmi.

Ní ọjọ́ Àlàmísì, Sìdí ọmọ àbúrò mi ló wa mọ́tò náà. A ti gbé bàbá rẹ lọ gba abẹ́rẹ́ eékún, a sì ti kó ìkòkò sẹ́yìn, à ń ti òkè Mápó sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní Ọjà'ba. Bàbá rẹ wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọjà mi. Sìdí tẹ bíréèkì, mo gbọ́ pákà, bí ìgbà tí èèyàn dá igi gbígbẹ. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti wọlẹ̀. Mo bi í pé ó wọlẹ̀ síbo. Àṣé pẹ́dà bíréèkì, ibi tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ tó lè dúró, ti kán ní ìdí, ó sì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kálímà. Èmi di ìkòkò mú, àfi bíi pé ìkòkò ló máa gbà mí. Àwọn ọmọ ilé-kéwú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nísàlẹ̀ ọ̀nà, wọ́n kún ojú títì pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́. Sìdí fa bíréèkì ọwọ́, ó yí sítẹrìn, ó sì fi orí mọ́tò gún òkìtì yanrìn ẹnì kan tó ń kọ́lé. Ọlọ́run ló ní kí onílé yẹn má tíì rówó pe bíríkìlà.

Orí bàbá rẹ gbá dígí, ẹ̀jẹ̀ sì bò wọ́n lójú. Ìkòkò mi fọ́ yángá. Bọ́ńpà iwájú jábọ́ lódindi, ẹnì kan sì fi ọwọ́ kan gbé e kúrò lójú ọ̀nà bí ẹni gbé àtẹ. Mo fọwọ́ ara mi he pẹ́dà náà. Ike ni, Muhydeen. Ike dúdú tí wọ́n kùn kí ó lè jọ irin. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi ju ìgbákọ lọ, ohun tí ẹ̀mí èèyàn mẹ́ta àti ẹ̀mí àwọn ọmọ ilé-kéwú rọ̀ mọ́ nìyẹn.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo pè ọ́. Lọ́jọ́ yẹn o ò sí nínú mítíìnì. Mo ròyìn fún ọ, o ní kí n tún un sọ, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. O wá bi mí pé ṣé pẹ́dà bíréèkì gan-an ló kán, mo ní òun ni. O bèèrè orí bàbá rẹ. Lẹ́yìn náà lo ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé kí n ju èyí tó kán sí ààtàn, pé wàá fi mọ́tò mìíràn ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé àánú wa ló ṣe ọ́ tó o fi sọ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà ṣàánú rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní jù ú. Bí o bá fi mọ́tò mẹ́wàá ránṣẹ́, mi ò ní jù ú. Ta ló ń da àpáàdì nù kí ó tó fi han ẹni tó mọ ìkòkò?

Ìwọ náà ṣáà mọ àṣà wa. Lọ́dún tí igi ìdáná wọ́n, obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò fún wa bẹ̀rẹ̀ sí í bù lára ìdí ìkòkò, kí amọ̀ ìkòkò mẹ́ta lè di ìkòkò mẹ́rin. Ojú kò lè rí i, ìkòkò náà ń dán. Ó di ìgbà tí èèyàn bá gbé e ka iná, ọbẹ̀ á di ti eérú. Àwa tá à ń tà á kó àpáàdì jọ, a lọ dà á sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a sì jókòó tì í, a ò bú u. Ó ní amọ̀ wọ́n, igi wọ́n. Mo ní kí ó fi owó lé e nígbà náà. Bí ọjà bá wọ́n, kí ó sọ fún wa kí a gbọ́, ẹni tó bá lágbára á rà á. Ṣùgbọ́n kí ó má bù lára ìdí, torí ìdí ni iná ń jó. Ó sunkún, ó tọrọ gáfárà, ó sì pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ fún wa. Títí di òní, ìkòkò rẹ̀ ni mo fi ń yangàn.

Mo kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn mọ́tò náà, kí ilé-iṣẹ́ yín má baà ní mo kàn já wọlé. Obìnrin kan gbé e, ó kí mi káàbọ̀, ó ní kí n tẹ ení. Mo kí i, mo kí ilé, mo bèèrè ọmọ, kò dáhùn, ó tún ní kí n tẹ ení. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó fi orin sí i. Mo gbọ́ orin títí owó fóònù mi fi tán. Ẹ bá a wí níbẹ̀, kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo sì ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olè wà ní ilé-iṣẹ́ yín. Ẹnì kan ń kó irin yín tà, ó sì ń fi ike dí ojú ibẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Mikail mẹ́káníìkì wa ní Bẹyẹrúnkà, ó ní kì í ṣe olè, pé nílé-iṣẹ́ ńlá, ẹni tó bá rí ọ̀nà láti fi ike rọ́pò irin kí owó lè ṣẹ́ kù, ẹ̀bùn ni wọ́n ń fún un. Inú bí mi gidi. Mo ní kí ó má ba ilé-iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́, pé èmi mọ ẹni tí wọ́n ń fún lẹ́bùn níbẹ̀: ọmọ mi ni wọ́n fún lọ́dún tó kọjá, dígí gbàgìdì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, torí pé ó dín iye owó tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan ń ná wọn kù. Mo ní ìyẹn kì í ṣe olè jíjà. Ọmọ tí kì í fi ìrẹsì ṣòfò láti kékeré, ó ti ní láti bá wọn dín dísẹ́lì jẹnẹrétọ̀ àti oúnjẹ ọ̀gá kù ni. Mikail wò mí títí, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ohun tó ṣe é.

Wọ́n ń kì wá pé Ìbàdàn ni ibi tí olè ti ń jàre olóhun. A gbà. Ṣùgbọ́n olè tiwa kì í gba ẹ̀bùn dígí.

Wàyí o, gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ Àtìní, Mọ́ńdè tó ń bọ̀, a ń bọ̀ ní Èkó. Èmi nìkan kọ́. Eunice, ìyá Aládùúrà tó ń ta ọ̀já ní Bẹẹrẹ, irú mọ́tò yìí náà ni ọkọ rẹ̀ fi ń kó ọmọ lọ sílé-ìwé. Mo ní kí wọ́n wo ìdí pẹ́dà tiwọn, ó ti sán fínnífínní bí irun. Wọ́n tú tiwọn, wọ́n ń gbé e bọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ bàbá rẹ la máa wọ̀, èyí tó o ní kí n tà fún àwọn oníkóńdẹ́mù. Mi ò tà á, mi ò sì ní tà á, torí bí mo bá kàn án, ó ń dún gooro. A ó da àpáàdì wa sí ẹnu géètì yín, a ó sì jókòó. A ò ní bú ẹnikẹ́ni. Kí ẹni tó ṣe é ṣáà jáde, kí ó gbé e dání, kí ó wo ojú bàbá rẹ. Bí wọ́n bá ní ká kúrò, a ò ní kúrò. Mo ti pọn omi, mo ti ra búrẹ́dì. Má sì bẹ̀rù pé orúkọ rẹ á bàjẹ́, ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá yín ni pé èmi ni ìyá Muhydeen tó gba ẹ̀bùn. Kí wọ́n gbé àga síta fún bàbá rẹ, wọn ò lè dúró pẹ́.

Fi owó epo ránṣẹ́ kí ó tó di ọjọ́ náà, kí o sì fi ti oògùn orí bàbá rẹ kún un, àti díẹ̀ tí mo máa fi ra ìkòkò dípò àwọn tó fọ́. Bí o kò bá sì rí i fi ránṣẹ́, má dààmú, a ṣì ń bọ̀. Ọlọ́run á bá ọ wo Waliyat, á bá ọ tọ́jú aya rẹ, ilé rẹ kò ní tú.

Ó ku àdúrà kan tí mo fẹ́ kí o bá mi lọ́wọ́ sí. Lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ṣe fa bàbá rẹ jáde, èrò pé lé wa lórí, wọ́n ní kí n gbé pẹ́dà náà dání kí n fi ẹni tó ṣe é ré. Mo ti nawọ́ sókè, èpè ti dé ètè mi. Bàbá rẹ di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú, wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni yòówù kó jẹ́, obìnrin kan ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ni mo bá yí i padà. Mo ní Ọlọ́run, má pa á, má fọ́ ọ lójú, má sọ ọmọ rẹ̀ di ọmọ òrukàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ: kí O gbé ìyá àti bàbá tó bí i sínú mọ́tò tó ṣe yìí, kí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó máa kán, kí ó sì jẹ́ pé ẹnu ìyá rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ọ. Gbogbo èrò Mápó ló ṣe àmín. Mi ò mọ ìgbà tí àdúrà náà máa gbà, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé á gbà. Ìwọ náà ṣe àmín níbi tó o wà, ọmọ mi, kí o sì pariwo rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ,
Mujeebat Àbẹ̀kẹ́.