Ìṣẹ́jú Mẹ́fà ní Milan

Ojúlé 14, Òpópónà Etí Odò,
Olten.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Dorli,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Eékún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì fúnra yín? Ọkọ yín, Bọ̀dá Ludwig, ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n tún gun orí òrùlé lọ gbá yìnyín, àwọn ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ẹ bá mi fa etí wọn. Wàràkàṣì tí ẹ fi ránṣẹ́ dé láyọ̀, Emil ọkọ mi sì ti jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ kí n tó mú ọ̀bẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò wa ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó ti sú mi, n ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Ẹ mọ̀ pé ọdún méjìdínlógójì ni ọkọ mi fi dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin, tó ń fún ọkọ̀ láṣẹ àtigbéra. Gbogbo ayé ló sìn lọ sí Milan àti Vienna, òun fúnra rẹ̀ kò dé ibì kankan. Láti ìgbà tí Regula ọmọ wa ti wà lọ́mọ ọwọ́ ló ti ṣèlérí fún mi pé a máa fi ọkọ̀ ojú irin lọ sí Milan, Venice, Vienna àti Prague. Dókítà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún wa: bí a bá máa lọ, ọdún yìí ni, nítorí àìsàn gbígbọ̀n tó ń ṣe é kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Láti oṣù kejì ló ti jókòó ti tábìlì ilé ìdáná, òun àti ìwé, pẹ́ńsùlù àti rọ́bà ìpàwérẹ́. Ètò tó ṣe dára, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló fi sílẹ̀ fún wa ní Milan láti bọ́ nínú ọkọ̀ kan ká sì wọ òmíràn. Mo ní ká sọ ọ́ di wákàtí kan. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú.

"Wákàtí kan! Kí la fẹ́ máa ṣe níbẹ̀, Lisbeth? Ká jókòó bí ẹrù tí ẹlẹ́rù gbàgbé?"

"Ká mu kọfí."

"Kọfí wà nílé."

Nígbà tó sùn lọ́sàn-án, mo bá a kọ wákàtí kan náà sínú ìwé. Bó ṣe jí, ó pa á rẹ́. Mo mẹ́nu ba bọ́ọ̀sì elérò tí ẹ ní ká wọ̀ dípò ọkọ̀ ojú irin, ó ní kí n má sọ ọ́ sétí òun mọ́. Mo pe Regula ní Bern, ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ wọn ò gbé e mọ́." Ẹ gbọ́ ọmọ yẹn! Ẹ ṣáà sọ fún wọn. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dùn ún. Ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì. Mo wá dọ́gbọ́n kan. Mo ní kó sìn mí lọ ra búrẹ́dì ní ìsọ̀ tó wà ní òdìkejì ibùdókọ̀ wa, mo sì ń yọ́ aago wò lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀wù mi, láti pèpéle kẹta tí ọkọ̀ ń dúró sí dé ìkọkànlá, bí ẹni tó ń pààrọ̀ ọkọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni, lẹ́yìn tí mo ti yọ méjì tó fi dúró ka ìwé àkókò ọkọ̀ lára ògiri. N ò sọ fún un.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, à ń lọ sọ́dọ̀ Regula. Bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí ọkọ̀ ojú irin gbéra. Emil ní ó tilẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí a fi máa gun àtẹ̀gùn dé pèpéle, obìnrin tó ń bójú tó ọkọ̀ náà rí wa kedere. Ó wo aago, ó fọn fèrè pé kí ọkọ̀ gbéra. Mo na ọwọ́ sókè, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó dúró. Emil ló fa ọwọ́ mi wálẹ̀.

"Má dójú tì mí. Aago ti tó."

"Ó rí wa o, Emil!"

"Èmi náà máa ń rí wọn. N ò dúró de ẹnì kankan rí."

Ọkọ̀ lọ. A jókòó sórí bẹ́ńṣì, kéèkì tí mo ṣe fún ọmọ Regula wà lórí itan mi, mo sì ń sunkún. Emil kọjú sí mi.

"Ìṣẹ́jú mélòó lo kà lọ́jọ́ búrẹ́dì yẹn?"

Mo ní, "Mẹ́rìnlá."

"Mẹ́rìndínlógún ni. Kì í ṣe ìwé ni mò ń kà lára ògiri. Ẹsẹ̀ ló lẹ̀."

Mo ní, nígbà tó mọ̀, kí ló dé tó ń kọ mẹ́fà? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Nínú ìwé yẹn, mo ṣì ń sáré."

Ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ àwọn tó fẹ́ ìjókòó nínú ọkọ̀ fún oṣù kẹsàn-án tí a fẹ́ lọ. Láàárọ̀ yìí, ó ti ìwé náà síwájú mi, ó gbé rọ́bà lé e lórí, ó ní, "Ìwọ ni kó o pa á rẹ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n." Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ kan náà ló fi kọ gbogbo rẹ̀. Bí n ò bá pa á rẹ́, ọkọ̀ máa fi wá sílẹ̀ ní Milan. Bí mo bá sì pa á rẹ́, a máa dé Venice, ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ ọ́ di arúgbó.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Ludwig, kí ẹ sì bá mi kí àwọn ọmọ. Ǹ bá ní kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n kí lẹ́tà yìí tó dé ọ̀dọ̀ yín ní Chur, mo gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Mo kàn ń kọ ọ́ ṣáá ni, nítorí bí mo bá ṣì ń kọ̀wé, pẹ́ńsùlù ló wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe rọ́bà.

Èmi ni tiyín, àbúrò yín tí ọ̀rọ̀ sú,
Lisbeth.