Ọwọ́ Bàbá Rẹ Léjìká Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, àti pé àwọn ọmọ ò fi oúnjẹ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Àwa náà wà níbí. Ara wa le, àfi etí mi òsì tó kọ̀wé fipò sílẹ̀ láì gba àṣẹ lọ́wọ́ mi.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á, mo tún un kà, mo wá jù ú sórí tábìlì kí n má baà fà á ya. O ní o gbọ́ lẹ́nu àǹtí rẹ pé etí mi kan ti di, pé kí n fi àwo orin sílẹ̀ kíákíá, pé ẹ óò wá kó èmi àti bàbá rẹ lọ sọ́dọ̀ yín níparí oṣù. Àbúrò mi yẹn! Gbéborùn gbáà ni. Mo sọ ọ́ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan, n kò tíì fọ abọ́ tán tó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Òótọ́ ló sọ o. Dókítà ti yẹ etí náà wò, ó ní kò sí àtúnṣe. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Etí kan ló lọ, kì í ṣe èmi.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún ọ, torí láti ìgbà tí o ti gbọ́njú, o ò bi mí rí. O rò pé mo kàn ń gbé àwo lé ẹ̀rọ, kí n jókòó, kí n máa mu tíì. Ẹ̀rọ méjì ló wà níwájú mi. Bí àwo kan ṣe ń kọrin fún gbogbo gbọ̀ngàn, èkejì ń yí lábẹ́ ọwọ́ mi, èmi nìkan ló sì ń gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù tí mo fi bo etí kan. Etí kejì wà fún gbọ̀ngàn. Mo ní láti mú kí ìlù àwọn méjèèjì máa rìn pọ̀ kí n tó jẹ́ kí èkejì wọlé, kí àwọn oníjó má mọ ìgbà tí orin kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ní ti orin sóòlù tó máa ń rọra lọ, àwọn oníjó lè forí jì ọ́ díẹ̀. Orin fọ́ńkì, tó jẹ́ pé ìlù ló gbé e ró, kì í forí ji ẹnikẹ́ni. Bí ìlù bá fi bíńtín yẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ ló máa mọ̀. Ojú mi kò sì gbọdọ̀ kúrò lára abẹ́rẹ́ tó ń tẹ àwo. Etí méjì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ló kù fún mi.

Mo fi ọ̀rọ̀ etí náà pa mọ́ fún àwọn ará kílọ́ọ̀bù. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo dúró sídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú bí mo ṣe ń ṣe láti ìgbà tí o wà ní kékeré, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń méfò ibi tí ìlù wà. Kò pẹ́, kò jìnnà, orin méjì kọlu ara wọn. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí pẹpẹ abọ́ bá já lulẹ̀. Àwọn oníjó dúró, wọ́n ń wò mí. Ọ̀gá tó ni kílọ́ọ̀bù, ọmọ tí mo mọ̀ kó tó hu irùngbọ̀n, wá bá mi, ó ní, "Màmá, bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà ni màá gbé síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe." Kọ̀ǹpútà! Èyí tí kò lè wojú ènìyàn kó mọ̀ pé ọkùnrin tó dúró ní kọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀, pé orin jẹ́jẹ́ ni kí a kọ́kọ́ fún un. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan ló jẹ́ tèmi láyé yìí, òun ló fẹ́ gbé fún ẹ̀rọ.

Mo délé, mo ròyìn rẹ̀, ni bàbá rẹ bá dìde. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pè é ní "wọ́n", ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, "ó" ni n ó máa pè é lónìí. Ó ní òun ni yóò jẹ́ etí mi òsì. Òun á dúró lẹ́yìn mi, òun á máa fọwọ́ lu èjìká mi bí ìlù inú gbọ̀ngàn bá ṣe ń lọ, kí èmi fi etí ọ̀tún gbọ́ àwo kejì. Bàbá rẹ! Bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ọkùnrin tí kò jó rí, tó jókòó pa lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, tó ní bàtà ń ta òun lẹ́sẹ̀.

A fi pálọ̀ ilé wa dánra wò. Ohun tí ojú mi rí, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán. Bí akọrin bá pariwo, á gbá mi. Bí fèrè bá dún, á gbá mi. Ìlù nìkan ni kò tẹ̀ lé. Bí ó bá wá fẹ́ràn orin náà, á gbàgbé mi, á dákẹ́, á máa mi orí. Bí aládùúgbò bá kọjá lójú fèrèsé, ọwọ́ tó yẹ kó fi lù mí ló máa jù sí i. Èjìká mi wú. Mo jágbe mọ́ ọn, ó jágbe mọ́ mi, ó ní kò sẹ́ni tó ń kọ́ bíríkìlà bí a ṣe ń gbá nǹkan. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dúró lẹ́yìn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ níbi tí o ti jogún àgídí, o ti mọ̀ ọ́n wàyí.

Nígbà tó yá, ó dá ọgbọ́n kan láì sọ fún mi. Ọjọ́ Àìkú tí a jọ lọ sí kílọ́ọ̀bù, ńṣe ló ń lu èjìká mi déédéé. Ẹnu yà mí. Àṣé ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì kan ló ń wò, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń jó níwájú wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ti tẹ ilẹ̀, bàbá rẹ á lu èjìká mi. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ yìn ín. N kò mọ̀ pé orí ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni a gbé iṣẹ́ mi lé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì wà níbi iṣẹ́, kò wá. Kí ni bàbá rẹ ṣe? Ó wá ẹlòmíràn. Nínú gbogbo èrò tó kún inú gbọ̀ngàn, ta ló mú? Ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-gbọ́. Iṣẹ́ aago ló ń ṣe o, kò sì bá àkókò mu rí. Bó ṣe ń jó tirẹ̀ ni ìlù ń lọ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí ni bàbá rẹ ń lù sí mi léjìká, èmi sì gbà á gbọ́, mo fi gbogbo ọkàn jẹ́ kí orin kejì wọlé. Gbogbo gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn kan di etí, àwọn kan jókòó. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: mo rí Ẹsẹ̀-ò-gbọ́ tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tó ń jó, tó ń yọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tí orin bá a lẹ́sẹ̀ mu.

Ọ̀gá ń bọ̀ tìbínú-tìbínú. Kí n tó lanu, bàbá rẹ ti gba makirofóònù. "Ẹ má bá a wí o! Ìyàwó mi ò gbọ́ràn létí òsì mọ́. Èmi ni mo ṣì í." Nínú makirofóònù! Àṣírí tí mo ti ń pa mọ́ láti ọjọ́ yìí, ó dà á sílẹ̀ bí omi ìfọwọ́. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ibi tí n ó gbà jáde. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i nígbà tí a délé, ó dára bí o ò ṣe sí níbẹ̀. Kí a tó kúrò ní kílọ́ọ̀bù, ọ̀gá ti ní òun fún wa ní ọjọ́ Àìkú kan péré sí i, torí ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbẹ̀. Bó bá tún bàjẹ́, kí n kó àwo mi.

Àná ni ọjọ́ náà. Èrò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí wọ́n ti gbọ́, wọ́n fẹ́ wá wo adití tó ń yí àwo orin. Nọ́ọ̀sì kò sí. Mo gbé àwo kejì kalẹ̀, mo fi hẹ́dífóònù bo etí, bàbá rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu èjìká mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò yára, kò falẹ̀. Mo jẹ́ kí orin wọlé. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé orí sókè, wọ́n kàn ń jó lọ. Bí iṣẹ́ wa bá dára, kì í hàn. Orin wọnú orin bẹ́ẹ̀ títí. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà fúngbà díẹ̀, ó mi orí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo yíjú sí bàbá rẹ, mo ní, "Ẹsẹ̀ ta lẹ ń wò lónìí?" Ó ní, "Ẹsẹ̀ tìrẹ ni." Mo wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń lu pákó tí mo dúró lé, èmi ò sì mọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlù tó ń jáde nínú sípíkà ń gba abẹ́ pákó bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ kàn ń gbà á lọ́wọ́ ẹsẹ̀ mi ni, ó ń dá a padà sí mi léjìká. Inú tún bí mi! Gbogbo èjìká wíwú, gbogbo ìtìjú, nítorí ohun tó wà nínú bàtà mi! Mo ní, "Kí wá ni mo ń fi yín ṣe?" Ó ní òun náà ti ń bi ara òun bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo ti ń fi òun sílẹ̀ nílé, kì í ṣe pé òun ò fẹ́ wá. Òun ò kàn mọ ibi tí ẹni tí kò lè jó máa dúró sí. Ó wá gbé ọwọ́ kúrò. Ọmọ mi, mo mú ọwọ́ náà, mo dá a padà sórí èjìká tó wú. Mo ní orin ò tíì tán.

Nítorí náà, ẹ má wá kó wa. Dókítà ní òun ò lè sọ bí etí ọ̀tún yóò ṣe pẹ́ tó. Lọ́jọ́ tó bá lọ, èmi fúnra mi ni n ó pa ẹ̀rọ, n ó sì bá ọ lọ láìjiyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bọ̀ níparí oṣù, ẹ wá lọ́jọ́ Àìkú, kí o wọ bàtà tó ṣeé jó. O ò tíì rí ìyá rẹ níbi iṣẹ́ rí. Mo fẹ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ nínú gbọ̀ngàn yẹn nígbà tí mo ṣì lè gbọ́ ọ, ó sì ń dùn mí pé títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì gbọ́ ọ níbẹ̀.

Ire ni etí yín yóò máa gbọ́. Ẹsẹ̀ yín kò ní gbé yín lọ síbi tí wọn ò ti fẹ́ yín. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú àwọn ọmọ, á sì fi àlàáfíà sáàárín ìwọ àti ọkọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí kò sì tíì fẹ̀yìn tì.

Àfikún: Bí bàbá rẹ bá pè ọ́ pé òun ti di dí-jéè bíi tèmi, má bá a jiyàn, ó ti rẹ̀ mí. Ó ti ra awò ojú dúdú. Mo bi í bó ṣe máa fi rí ẹsẹ̀ mi nínú òkùnkùn kílọ́ọ̀bù, ó ní kí n máa tẹ ilẹ̀ kíkankíkan.