Láti Òkè, Àárín Orí Nìkan La Ń Rí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹwàá, 1911
Bọ́sítìn. Òtútù. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú ní kíláàsì eré kíkọ. Àga ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Irùngbọ̀n — bí mo ṣe ń pe olùkọ́ wa — ní ká lọ wo eré, ká kọ ohun tí ojú àwọn òṣèré ń sọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, kó gbàgbé kíláàsì òun. Tìtorí kíláàsì yìí ni mo ṣe fi Jọ́jíà sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 7
Ní ilé eré, mo ní kí wọ́n ta ìjókòó ìsàlẹ̀ fún mi. "Òkè ni ti ẹ̀yin aláwọ̀ dúdú." Ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ wojú mi. Mo gun àtẹ̀gùn títí orúnkún fi ń dùn mí. Ojú òṣèré? Rárá. Àárín orí nìkan.

Ṣùgbọ́n etí mi kún! Obìnrin alágbàfọ̀ kan jókòó tì mí, àkẹtẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn. Alákẹtẹ̀ ni mo sọ ọ́. Ó ń dá àwọn òṣèré lóhùn. Ìyàwó ń sunkún nítorí ọkọ: "Ọmọ mi, dìde! Apárí yìí lò ń sunkún fún? Àwa ti rí i láti òkè!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà — ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé.

Ó bi mí ohun tí mò ń ṣe nílùú. Mo ní mò ń kọ́ eré kíkọ. "Ìwọ tó dákẹ́ bí ẹni gbómi sẹ́nu? Kí wọ́n ṣọ́ra fún ẹ."

Àìkú, 8
Mo kọ ọ́. Kì í ṣe ojú. Ohùn àwa ará òkè.

Ọjọ́rú, 11
Irùngbọ̀n kà á sókè. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó wá ní aláriwo ni mo kọ, kì í ṣe òṣèré. Kí n tún un kọ láti ìsàlẹ̀. Mo ní wọn kì í jẹ́ ká jókòó nísàlẹ̀. Ó wo fèrèsé. "Fojú inú wò ó."

Ẹtì, 13
Ó rẹ̀ mí.

Ajé, 16
Mo dá iṣẹ́ náà padà fún Irùngbọ̀n bó ṣe wà. Ìlà kan ni mo fi kún un: "Ibi eré: òkè."

Ọjọ́bọ̀, 19
Ó ní kí n wá kíláàsì míì. N kò sunkún. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ẹkún.

Àbámẹ́ta, 21
Mo tún gun àtẹ̀gùn. Àkẹtẹ̀ ńlá wà lórí ìjókòó kan. Alákẹtẹ̀ gbé e kúrò: "Àyè ẹ rèé. Díẹ̀ ló kù kí n bá wọn jà lórí ẹ̀." Mo sọ fún un pé wọ́n ti lé mi, torí pé òun ni mo kọ sínú eré.

Ó gbé àkẹtẹ̀ náà lé itan.

"Ṣé mo kú nínú ẹ̀? Gbogbo obìnrin inú eré wọn ló ń kú."

Mo ní rárá, mà.

"Ó dáa. Máa kọ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ mi ò tíì tán."