Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Lindsay

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹta

Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ìtanràn. Lindsay ọkọ mi ló kà á fún mi, òun náà ló ń ka gbogbo lẹ́tà fún mi báyìí. Àárín ojú mi ti lọ, ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù. Ó ní kámẹ́rà ya ọkọ̀ wa lẹ́bàá àwọn àká ọkà, ní àbáwọlé ìlú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó kọjá. Eré méjìdínláàádọ́rùn-ún níbi tí wọ́n ti ní ká sá ọgọ́ta.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ọjọ́ tí Rowena ọmọ wa kú.

Kò kà á tán. Ó ti lẹ́tà bọ abẹ́ kẹ́tùlù, ó jáde lọ wo àgùntàn. Àgùntàn tó ti wò láàárọ̀.

Mo mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo wo fọ́tò náà fúnra mi. Ìdí ọkọ̀ wa, eruku, orí Lindsay láti ẹ̀yìn — ó tẹ̀ síwájú bí ẹni ń fi àyà ti ọkọ̀. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méjì. Mo wo aago yẹn títí orí fi ń fọ́ mi.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹta

Mo ní ká kọ lẹ́tà kúkúrú sí wọn. Ká sọ ibi tó ń lọ. Ọmọ wa kan ṣoṣo ń kú lọ ní ọsíbítù, bàbá rẹ̀ sáré — ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní fa ìwé ya?

Ó ní, "Kò kàn wọ́n."

Mo ní ìwé ìwakọ̀ rẹ ni wọ́n máa gbà. Ìlú fi kìlómítà méjìdínlógójì jìnnà sí wa, mi ò lè wakọ̀ mọ́, bọ́ọ̀sì ò sì dé ìhín. Láìsí ìwé yẹn, a máa kó kúrò nínú ilé yìí ni.

"Glenys. Mo ní kò kàn wọ́n."

Mi ò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Mo mọ ìdí tí mi ò fi yọ ọ́ lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹta

Alágídí lọ sí ìpàdé. (Orúkọ tí mo sọ Lindsay níbí nìyẹn. Kò ní rí i láéláé.) Inú ilé àwọn panápaná ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n ti ọkọ̀ iná síta kí wọ́n lè ráyè to àga. Darryl Quist ló pe ìpàdé náà, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ omi tẹ́lẹ̀, tó ti wá di lọ́yà báyìí láìfẹsẹ̀ kan ilé ìwé òfin rí. Lọ́yà Abẹ́ Igi.

Ó kó ìwé rẹpẹtẹ bọ̀ wálé. Ó ní ọkọ̀ wa, ọkọ̀ àdáni ni, a ò fi gbé èrò, ìjọba ò sì ní àṣẹ kankan lórí ẹni tó ń ti ilé rẹ̀ lọ síbi tó wù ú. Ìjọba fúnra rẹ̀, iléeṣẹ́ lásán ni, òun ò sì bá iléeṣẹ́ kankan ṣàdéhùn. "Mi ò wakọ̀, Glen. Ìrìn àjò ni mò ń rìn."

Mo ní, "Kí lọwọ́ rẹ wá ń ṣe lórí sítíárìn?"

Tẹ́lẹ̀, ì bá ti rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹrin

Ẹtì Rere. Quist wá. Ó jẹ mẹ́rin nínú búrẹ́dì kéékèèké alámì àgbélébùú tí mo yan fún ọdún. Ó ń kọ́ Lindsay bí wọ́n ṣe ń fi yíńkì pupa tẹ̀ka sí ìwé ìbúra. "Wọ́n máa sá ni, Lin! Tí wọ́n bá ti rí ìka pupa yìí, wọ́n á mọ̀ pé ojú ẹ ti là."

Mo bi í pé èèyàn mélòó ló ti jàre ní kóòtù pẹ̀lú ìwé yìí. Ó ní ọ̀rọ̀ ò rí báyẹn, Glenys. Ó mú búrẹ́dì karùn-ún.

Lẹ́tà mẹ́ta ló ti dé láti ọ́fíìsì ìtanràn báyìí. Alágídí ò ṣí wọn. Ó ń kọ "Kò sí àdéhùn láàárín wa" sẹ́yìn àpò ìwé, ó sì ń dá wọn padà.

Yíńkì pupa ti ta sí aṣọ tábìlì. Rowena ló ra aṣọ náà. Mo rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, kò ṣí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹrin

Ó tú nọ́ńbà ọkọ̀ kúrò, tiwájú tẹ̀yìn. Ó kọ́ pátákó pẹlẹbẹ kan síbẹ̀: Ọkọ̀ Àdáni. Ó kó nọ́ńbà náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Rowena. Èwo ni ti bẹ́ẹ̀dì Rowena nínú gbogbo ilé? Mi ò bi í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹrin

Ọjọ́ burúkú.

À ń lọ síbi tí a sin Rowena sí, òdòdó wà lórí itan mi. Bí a ṣe dé ibi àwọn àká ọkà, Lindsay tẹná mọ́ ọkọ̀. Mo ti ń kíyè sí i láti ọjọ́ yìí: ibi tí gbogbo ayé ti ń rọra lọ, ibẹ̀ lòun ti ń sá. A kọjá ilé ìwé fìrì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Àbámẹ́ta ni.

Sájẹ́ǹtì Noonan dá wa dúró. Òun àti Rowena ni wọ́n jọ kàwé, ó wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Ó ṣí fìlà. "Lin, ẹ jọ̀ọ́. Nọ́ńbà ọkọ̀ yín dà?"

Lindsay bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé Quist fún un. Ìrìn àjò àdáni. Kò sí àdéhùn. Ṣé Noonan lè fi ìwé tó fún un láṣẹ lórí òun hàn?

"Ẹ kàn sọ orúkọ yín kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì wá nǹkan ṣe sí i. Mo rí òdòdó lọ́wọ́ Glenys. Mo mọ ibi tí ẹ ń lọ."

"Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ò sí níbí."

Noonan wò mí. Mi ò mọ ohun tí ojú mi sọ fún un. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ wa lọ, Noonan sì fi ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé wa dé itẹ́ òkú, ó dúró dè wá. Mo sunkún lórí sàréè ọmọ mi, kì í sì ṣe tirẹ̀ nìkan ni mo sun.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Karùn-ún

Ìwé ìpẹ̀jọ́ ti dé. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Thelma tó ni oko ẹ̀gbẹ́ wa ló gbé mi lọ ra oúnjẹ. Ó ní, "Ṣé èyí náà le ni? Ní kí ọsíbítù kọ aago tí ọmọ náà dákẹ́ sílẹ̀, kí o gbé e fún adájọ́. Aago kámẹ́rà rèé, aago ọsíbítù rèé. Ó tán!"

Mo ní kó wo iwájú, kangarúù pọ̀ lọ́nà lásìkò yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ àwọn ìyá. Thelma gbé òdòdó funfun wá. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí tí mi ò ní rí i.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kẹfà

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Quist àti àwọn mẹ́rin mìíràn jókòó lẹ́yìn, wọ́n kó fáìlì lé itan. Géètì onígi kékeré kan wà tí èèyàn máa gbà kọjá kó tó dé iwájú adájọ́. Quist ti kìlọ̀ fún Lindsay pé kó má gba ibẹ̀ — tó bá ti gba ibẹ̀, ó ti gbà pé wọ́n láṣẹ lórí òun nìyẹn. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó dúró sẹ́yìn géètì bí àgùntàn tó ń bẹ̀rù.

Adájọ́ náà, obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. "Ṣé ẹ̀yin ni Ọ̀gbẹ́ni Pascoe?"

"Èmi ni alààyè ènìyàn tó wá ṣojú orúkọ yẹn."

Ó ní kò burú. Ó jẹ́ kó ka ìwé Quist fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Ìtìjú fẹ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Pascoe, mo ti gbọ́ gbogbo ìyẹn. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan tí kò sí nínú ìwé. Lọ́jọ́ náà, níbo lẹ ń lọ?"

Quist ń mi orí fún un pé kó má dáhùn.

Lindsay wá rọra gbé ìwé sílẹ̀ lórí àga. Ó ṣí géètì, ó wọlé, ó yíjú padà, ó sì tì í lẹ́yìn ara rẹ̀. Ogójì ọdún tó ti ń ti géètì oko — kò mọ̀ pé òun ṣe é. Quist sọ pé, "Lin!" Kò gbọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi ń kú lọ. Mò ń sáré. Iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì, mo sì rọra. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo rọra! Mo sá ọgọ́ta yín. Nígbà tí mo dé ilé ìwé, mo sá ogójì yín. Mo pa òfin yín mọ́ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ọsíbítù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi pàdánù rẹ̀. Ìyàwó mi ló sọ fún mi. Ó ní ọmọ náà ń pè mí, ó ń pè mí, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kí ìjọba má sọ fún mi láéláé pé wọ́n láṣẹ lórí mi. Mo fún wọn láṣẹ lẹ́ẹ̀kan."

Adájọ́ ní òun kẹ́dùn. Ó ní ká mú ìwé wá láti ọsíbítù, èyí tó ní aago ikú nínú, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá ti dé ọwọ́ òun, òun á wọ́gi lé ìtanràn. Ti nọ́ńbà ọkọ̀ náà, kó lọ dá a padà sáyè rẹ̀, òun á fojú fò ó. Ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Thelma, tó gbé wa wá, di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ayọ̀. Mo fà á yọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kẹfà

Mo purọ́. Mo ní láti kọ ọ́ síbì kan.

Mo pe Lindsay ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wà nídìí ọpọ́n omi àwọn àgùntàn, fóònù kì í lọ níbẹ̀. Ó tó méjì kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó tó rí i. Rowena lọ ní méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo aago ara ògiri. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ogójì ìṣẹ́jú, títí bàbá rẹ̀ fi já wọlé, fìlà lọ́wọ́, tí ó ń mí hẹlẹ. Mo rí ojú rẹ̀. Mo sì ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, Lin. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ó ń pè ọ́ títí dé òpin."

Rowena ò pe ẹnikẹ́ni. Kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà.

Mo rò pé ẹ̀bùn ni mo fún un. Pé ó sàn kó gbà pé ó kù díẹ̀ kó bá a. Mi ò mọ̀ pé ó rọra lẹ́yìn kámẹ́rà. Kò sọ ọ́ fún mi rí àfi lánàá, níwájú adájọ́.

Gbogbo ìwé pupa yẹn, gbogbo agídí yẹn — èmi ni mo bí i.

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹfà

Mo pe ọsíbítù. Wọ́n ní àwọn á fi ìwé náà ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kẹfà

Noonan wọ́ ọkọ̀ wa wálé. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún Lindsay nígbà tí à ń fọ abọ́. Ó ń nu ife kan ṣoṣo, ó ń nu ún, ó ń nu ún. Mi ò sọ.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹfà

Ó gbé lẹ́tà wọlé láti inú àpótí tó wà lójú títì. "Ti ọsíbítù nìyí," ló wí. Mo lè gbà á, kí n ní kí Thelma bá mi kà á. Mo lè sọ ohunkóhun. Mo jókòó. Ó fi ọ̀bẹ bọ́tà ya á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí a bí i. Yàrá tó wà. Ó sún ìwé mọ́ ojú.

"Wọ́n ti kọ ọ́ lódì."

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

Mo ní, "Wọn ò kọ ọ́ lódì, Lin."

Kẹ́tùlù hó, ó hó, mi ò gbé e. Ó wá ní, "Aago yẹn, géètì oko ni mò ń tì."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀kan ò ṣẹ́kù. Mo ní kò sí eré tó lè sá lọ́jọ́ náà tí ì bá bá a. Mo rò pé ojú rẹ̀ á tú ká. Ó kàn bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù láti oṣù Kejì.

"Ṣé ó pè mí?"

"Kò pe ẹnikẹ́ni, Lin. Kò sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó ní, "Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nídìí àká ọkà yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá. Ó máa ń pè mí."

Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹfà

Yàrá Rowena ló sùn. Mo gbọ́ tó ń wọ́ nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Nígbà tó yá ó pè mí láti ìta, ohùn rẹ̀ gbẹ: "Glen. Wá bá mi di nọ́ńbà yìí mú, kí n dè é."

Mo jáde lọ bá a nínú òtútù. Ó ti yọ pátákó yẹn kúrò. Ó gbé ọwọ́ mi síbi tó yẹ kí n dì mú, kò wo ojú mi. Ó ní, "Ṣé ó gún?"

Ojú mi ò rí i. Mo ní ó gún. Lẹ́yìn náà mo ní, "Rárá o. Mi ò rí i, Lin."

Ó tún un ṣe fúnra rẹ̀ kó lè gún, ó sì ní kí n má tíì fi í sílẹ̀.